Ṣé ọmọ tí mo bá fi ẹyin ẹlòmíràn bí á jẹ́ ọmọ mi?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹni ọdún 43 ni mí. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí èmi àti ọkọ mi ti ń wá ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la ti fi ẹyin tèmi ṣe IVF, ìyẹn kí dókítà da ẹyin pọ̀ mọ́ àtọ̀ ní yàrá àyẹ̀wò, kò bọ́ sí i. Èyí tí a ṣe kẹ́yìn, ẹyin méjì péré ni wọ́n rí, kò sì sí èyí tó di ọlẹ̀ nínú méjèèjì. Dókítà wá ní ká lọ ronú sí i, bóyá ká gba ẹyin lọ́wọ́ obìnrin mìíràn. Ọkọ mi ti gbà. Àbúrò mi obìnrin, ẹni ọdún 31 tó ti bímọ méjì, ní òun á fún mi ní tòun. Ìyá ọkọ mi gbọ́ sí i, wọ́n ní ká ṣe é, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀ títí ayé, títí kan ọmọ náà. Gbogbo wọn ti ṣe tán, ó ku èmi. Ohun kan ṣoṣo ló ń gba oorun lójú mi: ṣé ọmọ náà á jẹ́ ọmọ mi?

Ìdáhùn

Arábìnrin mi, ẹ kú ìfaradà. Ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín, gbólóhùn tó sì dá mi dúró ni èyí tí ẹ fi sọ pé gbogbo wọn ti ṣe tán, ó ku ẹ̀yin. Ó pẹ́ tí mo ti ń jókòó ti àwọn tọkọtaya lórí ọ̀rọ̀ àìrọ́mọbí, mo sì ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹni tó máa fi ara rẹ̀ gbé oyún gan-an ni wọ́n máa ń bi léèrè kẹ́yìn. Nítorí náà, ìbéèrè yín ni màá kọ́kọ́ dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ yín ni. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn ò lè gbé yín débì kan tí mi ò bá tú u fún yín, àti apá tó dùn àti apá tó korò.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ẹyin bẹ̀rẹ̀, torí ó jọ pé ẹ ń dá ara yín lẹ́bi. Obìnrin kì í ṣe ẹyin tuntun. Gbogbo èyí tó máa lò láyé, inú ìyá rẹ̀ ló ti kó o wá. Nígbà tí oyún ọmọbìnrin bá tó nǹkan bí oṣù márùn-ún, ẹyin tó wà lára ọmọ náà á ti tó mílíọ̀nù 6 sí 7. Nígbà tí wọ́n bá fi máa bí i, á ti wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 1 sí 2. Nígbà tó bá fi máa bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, á ku nǹkan bí 300,000 sí 400,000. Nígbà tí nǹkan oṣù bá sì máa dá, nǹkan bí 1,000 ló máa ń ṣẹ́ kù. Bó ṣe ń dín kù nìyẹn lára gbogbo obìnrin, ẹni tó lóyún àti ẹni tí kò lóyún rí. Kò sí ohun tí ẹ ṣe tó lé wọn lọ.

Iye wọn nìkan sì kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn kromosómù, ìyẹn okùn tín-ín-rín tó ru jíìnì tí ọmọ ń jogún lára òbí, wà nínú ẹyin kọ̀ọ̀kan, wọ́n so mọ́ra ní méjì-méjì láti ìgbà tí ẹ ti wà nínú ìyá yín, wọ́n ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa pín. Èyí tó jáde lára obìnrin ẹni ọdún 43 ti dúró bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún 43. Ohun tó so wọ́n mọ́ra á ti máa gbó. Tí wọ́n bá wá fẹ́ pín, ọ̀kan á pọ̀ sí apá kan, ọ̀kan á sì sọnù ní apá kejì. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú ẹyin ọjọ́ orí yìí kì í fi í di ọlẹ̀, tí èyí tó bá dì í sì máa ń bàjẹ́ láìpẹ́. Nínú obìnrin 100 tó fi ẹyin ara rẹ̀ ṣe IVF ní ẹni ọdún 43, àwọn tó máa gbé ọmọ délé lẹ́ẹ̀kan kì í pé 10. Dókítà yín ò já yín jù sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ fún yín.

Ilé ọmọ kì í gbó bí ẹyin ṣe ń gbó. Láti ọdún 1983 sí 1984 ni àwọn dókítà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹyin obìnrin kan bímọ fún obìnrin mìíràn, ní Ọsirélíà àti ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Obìnrin ti Ọsirélíà yẹn, ẹyin tirẹ̀ ti tán láti kékeré, síbẹ̀ ilé ọmọ rẹ̀ gba ọlẹ̀ náà dúró. Ọjọ́ orí ẹni tó ni ẹyin ló ń pinnu bóyá ọlẹ̀ máa dúró, ju ọjọ́ orí ẹni tó ń gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbé ọlẹ̀ tó ti ara ọ̀dọ́bìnrin wá sínú obìnrin tó lé ní 40, ó máa ń tó 30 sí 50 nínú 100 tó ń bí ọmọ láàyè. Mo fẹ́ kí ẹ ka iye yẹn dáadáa. Ó pọ̀ gan-an sí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe 100. Ẹni tó bá fi dá yín lójú pé ẹ̀ẹ̀kan ni, kò sọ òótọ́ fún yín.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò pẹ́ sọ. Ẹni tó ń fúnni lẹ́yin á máa gba abẹ́rẹ́ họ́mọ́ònù fún bí ọjọ́ 10 sí 12, wọ́n á máa fi skáànù wo bí ẹyin ṣe ń dàgbà. Wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn kan, nígbà tó bá sì tó nǹkan bíi wákàtí 36, wọ́n á fún un lóògùn oorun, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gba ojú ara fa ẹyin náà jáde. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n á fi àtọ̀ ọkọ yín sí i. Ẹ̀yin náà á máa lo oògùn họ́mọ́ònù tí á jẹ́ kí inú ilé ọmọ nípọn tó mìlímítà 7 tàbí 8, lẹ́yìn náà ẹ ó bẹ̀rẹ̀ èkejì tí á jẹ́ kó ṣe tán láti gba ọlẹ̀. Bí ọlẹ̀ bá lo ọjọ́ márùn-ún ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á gbé e wá. Wọ́n sì lè fi ẹyin tàbí ọlẹ̀ sínú òtútù kí àkókò ẹ̀yin méjèèjì má baà di dandan pé kó bára mu. Láti ọdún 2012 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìbímọ ní Amẹ́ríkà ti sọ pé fífi ẹyin sínú òtútù kì í ṣe ohun tí à ń dán wò mọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n bá máa gbé e wọlé, wọ́n á ní kí ẹ mu omi kí àpò ìtọ̀ yín kún, kí ilé ọmọ lè hàn kedere. Oṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò á jáde, á ní kí ẹ fi ẹnu ara yín pe orúkọ yín àti ọjọ́ ìbí yín, á wo ìwé, á tún wo ọwọ́ yín, kó tó fa ọlẹ̀ náà sínú ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́. Ọlẹ̀ ọjọ́ márùn-ún ò tó hóró iyọ̀ kan. Ẹ ò ní rí i. Ohun tí ẹ máa rí lójú skáànù ni ìmọ́lẹ̀ funfun kékeré kan tó tàn fìrí láàárín ilé ọmọ, afẹ́fẹ́ ín-ín-tín tí wọ́n fi tì í wọlé ni. Mo ti dúró ti obìnrin kan tó kọ̀ láti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn rẹ̀, tó di ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ẹ̀rù ń bà á kí ọmọ má baà bọ́. Kò lè bọ́. Ẹ lè dìde, kí ẹ tọ̀, kí ẹ rìn lọ sílé. Lẹ́yìn ọjọ́ 9 sí 14 ni wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ yín wò. Tí oyún bá ti wà, ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín, torí ibi ọmọ ò ní tíì lè ṣe họ́mọ́ònù tó tó títí oyún á fi pé ọ̀sẹ̀ 10 sí 12.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tó ń gba oorun lójú yín.

Mi ò ní fi bò fún yín: jíìnì yín ò ní sí lára ọmọ náà. Ìdajì á wá láti ara ọkọ yín, ìdajì láti ara ẹni tó fúnni lẹ́yin. Àwọn kan á sọ fún yín pé tí ẹ bá ti gbé e fún oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀jẹ̀ yín á yí jíìnì rẹ̀ padà di tiyín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ kì í dà pọ̀. Ibi ọmọ ló wà láàárín wọn, tó ń gba afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ lọ́dọ̀ ìyá, tó sì ń kó ìdọ̀tí padà. Mo ń sọ èyí nítorí mo ti rí àwọn tó fi irọ́ dídùn yẹn tu ara wọn nínú, tí ọjọ́ tí wọ́n mọ òótọ́ sì dùn wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó jẹ́ òótọ́. Ẹyin kan, fífẹ̀ rẹ̀ ò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Láti ibẹ̀ títí dé orí ọmọ tó wọn kílò mẹ́ta, eegun rẹ̀, ojú rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀, ara yín ni gbogbo ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n ti wá. Kì í sì í ṣe gbogbo jíìnì ló ń ṣiṣẹ́ nígbà kan náà. Àwọn kan máa ń jí, àwọn kan máa ń sùn, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ọmọ sì wà lára ohun tó ń jí wọn. Tún wo etí ọmọ. Ní ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi orí ọmú rọ́bà sẹ́nu àwọn ìkókó tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta láyé, wọ́n ṣe é bó ṣe jẹ́ pé bí ọmọ bá ṣe fà á ló máa pinnu ohùn tó máa gbọ́, ti ìyá rẹ̀ tàbí ti obìnrin mìíràn. Àwọn ìkókó náà fà á lọ́nà tí wọ́n á fi gbọ́ ohùn ìyá wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá bí ọmọ yìí, ohùn kan ṣoṣo tó ti mọ̀ dáadáa láyé, tiyín ni. Òun náà á sì fi nǹkan sílẹ̀ lára yín. Ṣẹ́ẹ̀lì ọmọ, ìyẹn àwọn hóró tíntìntín tí wọ́n fi mọ ara rẹ̀, máa ń gba ibi ọmọ kọjá sára ìyá. Ní 1996, wọ́n rí ṣẹ́ẹ̀lì ọmọkùnrin nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan tó ti bímọ rẹ̀ láti ọdún 27 sẹ́yìn.

Mi ò to gbogbo èyí jọ kí ẹ lè fi bo ohun tí ẹ pàdánù mọ́lẹ̀. Ohun tó ń ṣe yín, arábìnrin mi, ọ̀fọ̀ ni. Ọmọ kan wà tí ẹ ti ń rí nínú ọkàn yín láti ọdún mẹ́sàn-án, bóyá ó ní imú bàbá yín, bóyá ó ń rẹ́rìn-ín bí ìyá yín ṣe ń rín in. Ọmọ yẹn ò ní wá. Ẹnikẹ́ni ò bá yín dárò rẹ̀, torí wọn ò rí i rí. Ọkọ yín lè má mọ̀ pé ẹ ń ṣọ̀fọ̀, torí ọmọ tó ń bọ̀ á gbé ojú tirẹ̀ wá. Ẹ sunkún rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún un ní gbangba pé ohun tí ẹ ń sunkún nìyẹn. Àwọn obìnrin tí mo rí tí wọ́n sáré fo ọ̀fọ̀ yìí, ó máa ń bá wọn nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ lọ́wọ́, tí àlejò kan bá yọjú, tó ní, "Ta ló jọ báyìí?" Àwọn tó ti sunkún tiwọn tán máa ń dáhùn pé, "Bàbá rẹ̀ ni," tàbí "Ara rẹ̀ ló jọ," wọ́n á sì máa bá ọmọ wọn ṣeré lọ.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni gbogbo ayé ti ń sọ fún yín pé àkókò ń lọ. Lórí ẹyin tiyín, òótọ́ ni. Tó bá ti di ẹyin ẹlòmíràn, oṣù mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà tí ẹ bá fi fara balẹ̀ ò ní ba nǹkan jẹ́. Ẹ lè sinmi. Ẹ lè ní, "Ẹ dúró ná."

Kí èmi náà má gbàgbé ọkọ yín. Inú mi dùn pé ó gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì jọ sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ "ọmọ mi ni, kì í ṣe ọmọ rẹ" kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ láé, lọ́jọ́ ìjà tàbí lọ́jọ́ àwàdà. Kí ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí, nígbà tí ìfẹ́ wà nílẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ nínú yàrá ìmọ̀ràn lẹ́ẹ̀kan, láti ẹnu ọkùnrin kan tí kò rò ó kó tó sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó mú báàgì rẹ̀, kò sì sọ ohun kan mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ti àbúrò yín wá kù. Ọjọ́ orí rẹ̀ dára, ó sì ti bímọ tirẹ̀, èyí tí àwọn dókítà fẹ́ràn, torí ó mọ ohun tó ń fi sílẹ̀. Ẹyin rẹ̀ á sì fún ọmọ náà ní díẹ̀ lára jíìnì ìdílé yín. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ àbúrò sí ẹ̀gbọ́n lè mú un sọ "bẹ́ẹ̀ ni" sí ohun tí ọkàn rẹ̀ ò gbà. Ta ló lè wo ojú ẹ̀gbọ́n tó ti ń wá ọmọ láti ọdún mẹ́sàn-án, kó sì ní òun ò lè ṣe é? Nítorí náà, òun nìkan ni kó lọ rí onímọ̀ràn, láìsí ẹ̀yin níbẹ̀, kí wọ́n sì fi dá a lójú pé tó bá kọ̀, ilé ìwòsàn á kàn sọ pé àyẹ̀wò rẹ̀ ò bá a mu. Kí ọkọ rẹ̀ náà bá wọn jókòó. Kó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ yẹn lè mú ikùn rẹ̀ wú, pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan omi máa ń dé sínú ikùn débi tí wọ́n á fi dá ènìyàn dúró sí ilé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn dókítà ti mọ bí wọ́n ṣe ń dín in kù.

Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ máa ṣe tí kò bá yọrí sí rere. Ṣé ẹ ò ní máa wò ó bí ẹni pé ẹyin rẹ̀ ló kùnà? Tó bá sì yọrí sí rere, tí ọmọ náà wá ń ṣe agídí, tí àbúrò yín ní, "Ẹ má nà án," ṣé ọ̀rọ̀ àǹtí rẹ̀ ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ àbí ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ẹyin? Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ńkọ́? Lójú ilé, ìbátan ọmọ yín ni wọ́n. Nínú ẹ̀jẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n á mọ̀ lọ́jọ́ kan. Mi ò sọ pé kí ẹ má ṣe é. Mo mọ ìdílé tó ṣe é tó sì dára gidi. Àwọn ìdílé yẹn, wọ́n ti dáhùn gbogbo èyí kí ẹnikẹ́ni tó gba abẹ́rẹ́ kankan.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì ṣe rèé, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Lórí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, jẹ́nótáìpù tiyín ò já mọ́ nǹkan kan mọ́ nínú oyún yìí. Ti ọkọ yín àti ti ẹni tó fúnni lẹ́yin ni kí ẹ wò. Tí ọkọ yín bá jẹ́ AS, AA ni kí olùtọrẹ jẹ́. Jẹ́nótáìpù àbúrò yín sì lè yàtọ̀ sí tiyín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá kan náà ló bí yín. Bákan náà ni kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò HIV, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B àti C, àti rẹ́kórẹ́kó fún un, kí wọ́n sì bèèrè àrùn tó ń rìn nínú ìdílé. Ẹ má gbójú fo èyí torí pé àbúrò yín ni.

Mo fi ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín sẹ́yìn torí òun ló wúwo jù lọ lójú mi. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Wọ́n ń dáàbò bo yín lọ́wọ́ ẹnu ayé, wọ́n sì ń dáàbò bo ọmọ ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ló ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Lóde òní, òótọ́ kì í rin ọdún ogún mọ́. Ọmọ á kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, á rí i pé oríṣi ẹ̀jẹ̀ òun jẹ́ AB, ti ìyá òun sì jẹ́ O, bẹ́ẹ̀ ìwé sì ti sọ fún un pé ẹni tó jẹ́ O kì í bí AB. Tàbí kó tu itọ́ sínú ike kékeré kan ní ẹni ọdún ogún, kó fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò DNA, kí orúkọ ẹni tí kò mọ̀ rí yọ pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Tàbí kí dókítà bi í léèrè àrùn tó wà ní ìdílé ìyá rẹ̀, kó sì fi tọkàntọkàn sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́. Tó bá sì jẹ́ ẹyin àbúrò yín, ẹ ka iye ẹni tó ti mọ̀ báyìí: ẹ̀yin, ọkọ yín, àbúrò yín, ìyá ọkọ yín, bóyá ọkọ àbúrò yín. Ẹnu márùn-ún ti pọ̀ jù fún àṣírí.

Òfin pàápàá ti ń lọ síbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tí wọ́n bí láti ara ẹyin ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2005 lè béèrè orúkọ olùtọrẹ tó bá ti pé ọdún 18, àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn sì pé 18 ní ọdún 2023. Òfin ibẹ̀ náà ló sọ pé obìnrin tó gbé oyún tó sì bí i ni ìyá, kì í ṣe ẹni tó fúnni lẹ́yin. Jámánì ní tirẹ̀ ò tíì gbà kí wọ́n ṣe é rárá. Kí ẹ mọ ohun tí òfin ibi tí ẹ ti máa ṣe é sọ, kí àdéhùn sì wà lákọsílẹ̀, pàápàá pẹ̀lú àbúrò yín.

Susan Golombok, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé irú àwọn ọmọ báwọ̀nyí, tí wọ́n fi ẹyin tàbí àtọ̀ ẹlòmíràn tàbí ilé ọmọ ẹlòmíràn bí, láti kékeré títí wọ́n fi pé ọmọ ogún ọdún. Ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2023 ni pé ìlera ọkàn àwọn ọmọ náà ò yàtọ̀ sí ti àwọn tí wọ́n bí láìsí ìrànwọ́, àti pé àwọn tí òbí wọn ti sọ fún kí wọ́n tó pé ọdún méje ní àjọṣe tó dára pẹ̀lú ìyá wọn ju àwọn tí wọ́n sọ fún lẹ́yìn náà lọ. Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ mi bá a mu. Ọmọ tó ti gbọ́ ọ láti ìkókó kì í rántí ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹni ọdún 25 tó bá a nínú fáìlì máa ń rántí wákàtí náà, aṣọ tó wọ̀, ibi tó jókòó sí. Ohun tó sì máa ń bí i nínú kì í sábà jẹ́ ẹyin. Pé gbogbo ilé mọ̀, òun nìkan ni kò mọ̀, ìyẹn ló ń dùn ún.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀, tí ẹ bá ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, kí ẹnu yín lè mọ́ ọn: "Ó wù mí kí n bí ọ gan-an. Ẹyin tèmi ò ṣiṣẹ́. Obìnrin onínúure kan fún mi ní ẹyin kékeré kan, dókítà fi ti bàbá rẹ sí i, wọ́n gbé e sínú mi, ibẹ̀ lo ti dàgbà." Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá sọ ọ́, ohùn yín lè gbọ̀n. Ìkókó ò ní mọ̀. Nígbà tó bá fi máa pé ọdún mẹ́rin, ohùn yín ò ní gbọ̀n mọ́.

Ẹ ò sì jẹ aládùúgbò ní gbèsè ìtàn yìí, tàbí ẹbí tó jìnnà, tàbí ẹni tó bá kí yín kú ewu ọmọ. Ohun tí ẹ ò sọ fún wọn kì í ṣe irọ́, ọ̀rọ̀ inú ilé yín ni. Bóyá ohun tí ẹ lè fi bá ìyá ọkọ yín sọ̀rọ̀ nìyẹn: pé ẹ ò ní kéde, ṣùgbọ́n ẹ ò ní purọ́ fún ọmọ. Kí ọkọ yín ló bá wọn sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ni.

Àwọn tó ń tọ́jú oyún yín gbọ́dọ̀ mọ̀, àṣírí tàbí kò sí àṣírí. Oyún tó ti ara ẹyin ẹlòmíràn wá máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ju oyún IVF tí ènìyàn fi ẹyin ara rẹ̀ gbé lọ, ọjọ́ orí yín sì tún kún un. Tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á máa wọn ìfúnpá yín déédéé, dókítà sì lè ní kí ẹ lo ásípírìn kékeré láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wá àìsàn Down, èyí tó máa ń wáyé tí kromosómù ọmọ bá fi ọ̀kan lé, náà, ọjọ́ orí ẹyin ni wọ́n ń fi ṣírò rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti àbúrò yín, 31 ni kí wọ́n kọ sí i. Tí wọ́n bá kọ 43, èsì á dẹ́rù bà yín láìnídìí. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ọkàn yín, ìfúnpá yín àti ṣúgà yín. Tí wọ́n bá sì béèrè iye ọlẹ̀ tí wọ́n máa gbé wọlé, ẹyọ kan ni kí ẹ sọ. Mo mọ̀ pé ìbejì wuni lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Ewu rẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru àti bíbí kó tó tó ọjọ́ pọ̀ jù fún ara ẹni ọdún 43, àwọn tó ṣẹ́ kù sì lè dúró dè yín nínú òtútù.

Tí ẹ bá wá ro gbogbo rẹ̀ tán tí ọkàn yín ṣì kọ̀ ọ́, ẹ kọ̀ ọ́. Àwọn tó ti ṣe tán yẹn, kì í ṣe ara wọn ni wọ́n máa fi gbé e.

Ní oṣù tó ń bọ̀ yìí, ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé kankan. Ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ kí ẹ̀yin àti ọkọ yín jókòó láìsí ẹlòmíràn níbẹ̀, kí ẹ sọ fún un nípa ọmọ tí kò ní wá. Kí àbúrò yín dá lọ rí onímọ̀ràn. Lẹ́yìn náà ẹ kọ̀wé sí mi, mo fẹ́ gbọ́ ohun tí òun sọ, àti ohun tí ọkọ yín sọ.